Akéekèé Dúdú: Benjamin Adékúnlé

Bí mo bá dárúkọ Benjamin Adékúnlé ní Ọjà Igbó, àwọn àgbà a rẹ́rìn-ín: "Akéekèé Dúdú, ọmọ wa ni." Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní 1936, ọmọ Bachama ni ìyá rẹ̀. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1958, ó kọ́ṣẹ́ ní Sandhurst, ó sì bá àwọn ọmọ ogun Àjọ Àgbáyé lọ sí Kóńgò.

Ogun abẹ́lé ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Òun ló darí Third Marine Commando: wọ́n gba ojú omi wọ Bonny ní oṣù Keje 1967, wọ́n gba Calabar ní oṣù Kẹwàá, wọ́n gba Port Harcourt ní oṣù Karùn-ún 1968. Nígbà tí Biafra gba Owerri padà ní 1969, Ọbásanjọ́ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì ní 1974. Ó kú ní 2014.

Orúkọ yẹn ló mú èmi akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè. Nílé wa, oríkì ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì, ọmọ Ìgbò, gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó dákẹ́. Ebi ogun náà pa nínú ẹbí ìyá rẹ̀ àgbà. Láti ọjọ́ náà, tó bá wà níbẹ̀, "Adékúnlé" lásán ni mo ń pè é.