Sàráà Ọkọ̀ Tí Gbèsè Wà Lórí Rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó tún mú wa rí oṣù Rọmọdáàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ dáhùn lónìí. Lẹ́yìn ìrun àṣàmù ni ọkùnrin kan wá bá wa, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó ní owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni òun fi ra bọ́ọ̀sì kan. Ìwé ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, àwọn méjì sì ṣe onígbọ̀wọ́ fún òun. Nígbà tí àìsàn dá ìyá òun wó, òun jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́hun bá wo ìyá sàn, òun yóò fi bọ́ọ̀sì náà ṣe sàráà fún mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n máa fi kó àwọn ọmọ ilé-kéwú, kí wọ́n sì máa fi gbé òkú lọ sí itẹ́. Ìyá ti gbádùn. Ó wá fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ lé Lèmọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ní òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ìyàwó ní, "Baálé mi, gbèsè ńkọ́?" Ọkọ ní, "Ọlọ́hun ló ni ohun gbogbo. Ohun tí a bá fún Ọlọ́hun, Ọlọ́hun á bá wa san gbèsè rẹ̀." Wọ́n ní kí àwa dá ẹjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yin ọkùnrin yìí. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rántí ẹ̀jẹ́ nígbà tí ara bá ti yá. Ṣùgbọ́n ìyàwó ló tọ̀nà. Gbèsè ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kí sàráà tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀.

Ní ayé Ànábì wa, àwọn ọ̀tá kó ràkúnmí rẹ̀ kan tí à ń pè ní Al-Adbá'. Obìnrin kan nínú àwọn Ansáárù náà bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ní òru ọjọ́ kan ó bọ́ nínú ìdè, ó gun ràkúnmí yìí, ó sá. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́hun bá gba òun là lórí rẹ̀, òun yóò dúńbú rẹ̀. Nígbà tí ó dé Mẹ̀dínà, àwọn ènìyàn dá ràkúnmí Ànábì mọ̀, wọ́n sì sọ fún un. Ànábì ní ẹ̀san burúkú ni obìnrin náà fẹ́ san fún ẹran tí ó gbé e dé ilé. Ó wá là á yé wọn pé a kì í mú ẹ̀jẹ́ ṣẹ nínú ẹ̀ṣẹ̀, a kì í sì í mú un ṣẹ nínú ohun tí ènìyàn kò ní. Imrān ọmọ Husayn ló gba hádíìsì yìí wá, ó sì wà nínú ìwé Muslim. Ẹ ò rí i pé ohun ìrìnnà náà ni ọ̀rọ̀ tiwọn dá lé. Ọkàn obìnrin náà dára, ẹ̀mí ọpẹ́ ló ní, ṣùgbọ́n ohun olóhun ni.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe sàráà kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: irú ọwọ́ wo ni ẹlòmíràn ní lórí ọkọ̀ yìí? Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí.

Èkíní ni ọkọ̀ háyà-pọ́ṣéèsì, tí à ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òfin rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 1965. Títí a ó fi san owó ìkẹyìn, ẹni tó gbé e fún wa ló ni ín. Àwa kàn ń lò ó ni. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ tọrẹ, ohun olóhun ló fi tọrẹ. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣoni.

Èkejì ni ọkọ̀ tó jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n tí a fi dógò. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ọkùnrin yìí wà. Àwọn onímọ̀ ń pe ìdógò ní *rahn*, Ọlọ́hun sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú Súrà Bákárà, āyà 283. Ohun náà jẹ́ tiwa, àmọ́ ọwọ́ olówó wà lórí rẹ̀. A kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹ̀jẹ́ ọkùnrin yìí kò bàjẹ́ o. Ó wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọkọ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ olówó ni yóò mú un ṣẹ. Bí ó bá ní owó níbòmíràn, kí ó yára san án.

Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ tí kò sí ìdógò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ni ín jẹ gbèsè níbòmíràn. Bí ohun ìní rẹ̀ bá tó san gbèsè, kí ó máa ṣe sàráà rẹ̀. Bí gbèsè bá ti bo ohun ìní rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn onímọ̀ mású-ábù Màlíkì ní olówó lè dá irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí owó tirẹ̀ ni ẹni náà ń fi ṣe àánú.

Ẹlòmíràn á ní, "Báńkì ni, kì í ṣe Mùsùlùmí." Ẹ̀tọ́ ni ẹ̀tọ́ ń jẹ́. Nígbà tí Ànábì wa fi ayé sílẹ̀, ẹ̀wù irin rẹ̀ wà ní ìdógò lọ́dọ̀ Júù kan nítorí ọgbọ̀n sáà ọkà báálì. Kò sí ẹni tó ṣe sàráà tó o, síbẹ̀ kò fi ohun tó wà ní ìdógò tọrẹ. Òun kan náà ni wọ́n gbé òkú kan wá síwájú rẹ̀, tí ó jẹ gbèsè dínárì mẹ́ta tí kò sì fi nǹkan sílẹ̀. Kò kírun sí i lára títí Abú Qatādah fi gbà láti san án. Ẹni tó kú sójú ogun Ọlọ́hun pàápàá, gbèsè kò sí nínú ohun tí a ó forí rẹ̀ jì í. Sàráà nàfílà ni. Sísan gbèsè, dandan ni.

Ẹ tún wo àwọn onígbọ̀wọ́ méjì yẹn. Bí ọkùnrin yìí bá fa kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀ tí kò sì rí owó san mọ́, ọrùn wọn ni yóò wọ̀. Tí ẹgbẹ́ bá wá gbé bọ́ọ̀sì ní àgbàlá mọ́ṣáláṣí, ojú ta ni kò ní tì?

Kí ni kí ó wá ṣe? Kí ó lọ bá ẹgbẹ́, kí ó béèrè iye tó kù, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá lè san, kí ó san, kí ó gba ìwé ọkọ̀, kí ó tó fa kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀. Bí kò bá lè san, kí ó bẹ̀ wọ́n bóyá wọ́n á fi ọwọ́ sí i, kí ìwé sì wà níbẹ̀. Wọ́n sì lè jọ fi ohùn ṣọ̀kan kí wọ́n ta ọkọ̀ náà, kí wọ́n yọ gbèsè, kí èyí tó kù lọ fún mọ́ṣáláṣí. Jàmáà pàápàá lè dá owó san ìyókù, bí wọ́n bá ti mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olówó bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda gbèsè, sàráà tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo āyà 280 nínú Súrà Bákárà.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, ẹ má kéde ọrẹ ọkọ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí ẹ tó rí ìwé rẹ̀. Ìwé nìkan kò sì tó mọ́. Ní 2016 ni báńkì àgbà Nàìjíríà dá ibi ìforúkọsílẹ̀ ohun ìdógò sílẹ̀, òfin rẹ̀ sì jáde ní 2017. Ọkọ̀ lè wà lọ́wọ́ ẹni kí orúkọ olówó sì wà lórí rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ béèrè.

Ọkùnrin náà bi wá pé, "Àlùfáà, bí mo bá kú kí n tó san án tán ńkọ́?" A ní kí ó kọ gbèsè àti ẹ̀jẹ́ náà sílẹ̀, kí ó fi han ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Gbèsè ni wọn yóò kọ́kọ́ yọ kí wọ́n tó pín ogún. Ní ti làdá, ẹni tó gbèrò rere tí kò tíì ṣe é, Ọlọ́hun ti kọ rere kan tó pé sílẹ̀ fún un. Kò pàdánù ohunkóhun bí ó bá dúró. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Kí Ọlọ́hun bá gbogbo onígbèsè wa san gbèsè láti inú halálì. Kí Ó gba ààwẹ̀ àti sàráà wa. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí á ti ibi rere bọ́ sínú ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Àmín.