Kí A Dán Ọlọ́pàá Wò Kí A Tó Gbé Ìbọn Lé E Lọ́wọ́

Awakọ̀ kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ èrò sójú títì láìgba ìwé àṣẹ. Nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ó yege nínú ìdánwò iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ pàápàá, tí kò mú ohun ìjà kan lọ́wọ́ ju ẹfun àti ìwé lọ, ìjọba ńbéèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ọlọ́pàá ńkọ́? Ẹni tí òfin fún láṣẹ láti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọmọnìkejì rẹ̀, láti wọ ilé onílé, àti láti yìnbọn bí ó bá di dandan, ǹjẹ́ kò yẹ kí ìdánwò tirẹ̀ le ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ?

Ìdí tí àwa fi gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú ẹ̀yin ònkàwé wa ni pé ariwo ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ti gba ilẹ̀ Nàìjíríà kan. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Ààrẹ àti àwọn gómìnà jókòó lórí rẹ̀ ní Àbújá. Àwọn kan ńfẹ́ ẹ bí ẹni ńfẹ́ omi lọ́jọ́ òùngbẹ, àwọn kan sì ńbẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni ńbẹ̀rù ejò inú àkéte. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àríyànjiyàn náà, àwọn tí ó ńbéèrè ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù kò pọ̀: Ta ni yóò dán àwọn ọlọ́pàá náà wò, kí ni yóò sì bi wọ́n? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti pẹ́ lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí a yà síbẹ̀ ná. Èyí tí ó bá dára níbẹ̀, kí a mú un. Èyí tí kò bá sì dára, kí a fi í sílẹ̀ fún wọn.

BÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ọlọ́pàá tí ńṣọ́ ìgboro. Ìlú ní tirẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ní tirẹ̀, ìpínlẹ̀ sì ní tirẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí iye ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá tí ó wà níbẹ̀ fi tó bí 18,000. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀nà wọn dán láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá wọn, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá wọlé ìbò ni ó ńfi àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí iṣẹ́ ọlọ́pàá. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá sì gba ìjọba, wọn a lé ti àtẹ̀yìnwá dànù, wọn a fi tiwọn rọ́pò. Ẹni tí kò mọ òfin rárá a di olùṣọ́ òfin, nítorí pé ó mọ bí a ti ńpariwo ní ọjọ́ ìdìbò.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú wọn là. Ní ọdún 1908, August Vollmer, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú Berkeley ní California, dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1959, ìpínlẹ̀ California àti New York ṣe òfin tí ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti máa fi òṣùwọ̀n sí ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá. Ní ọdún 1967, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Johnson yàn láti yẹ ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn wò dámọ̀ràn pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ìmọ̀ràn náà tó dé ibi gbogbo: ní ọdún 2018 ni Hawaii ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tirẹ̀. Ìlú tí ó bá fẹ́ ohun tí ó dára kò gbọdọ̀ kánjú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sùn.

Ọ̀NÀ TÍ A ŃGBÀ NÍ FLORIDA

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa dà bí àlá, ẹ jẹ́ kí a mú ìpínlẹ̀ Florida ṣe àpẹẹrẹ. Òfin wọn sọ pé ẹni tí yóò ṣe ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 19, ó kéré tán. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, yálà nípa ìbí tàbí nípa ìwé. Ó gbọ́dọ̀ ti yege ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì. Wọn a tẹ ìka rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti dá ọ̀ràn rí, dókítà a yẹ̀ ẹ́ wò, a ó sì wádìí ìwà rẹ̀. Ẹni tí a bá ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá rí, kò sí àyè fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí a bá dá lẹ́bi ìbúra èké tàbí irọ́ tí òfin kà sí ẹ̀ṣẹ̀, bí ọ̀ràn náà tilẹ̀ kéré. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́pàá ní kóòtù lè sọ ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n, ẹni tí ó ti búra èké rí kò sì yẹ fún irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá kọjá ibẹ̀ yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí yóò ti lo wákàtí tí ó ju 700 lọ. Yóò kọ́ òfin, ìwádìí ọ̀ràn, bí a ti ńbá ènìyàn sọ̀rọ̀, bí a ti ńkọ àkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àti bí a ti ńdá ọkọ̀ dúró. Yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìdánwò ọkọ̀ wíwà, ìbọn yíyìn, ìtọ́jú ẹni tí ó fara pa, àti bí a ti ńmú ènìyàn láìṣe é léṣe ju bí ó ti yẹ lọ. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni yóò tó jókòó sí ìdánwò ìjọba lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí yóò ti máa ṣa ìdáhùn kan nínú ọ̀pọ̀. Òṣùwọ̀n tí ó gbọ́dọ̀ dé ni 80. Bí ó bá kùnà, a ó gbà á láyè títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ìwé láti ọ̀dọ̀ alágbára: yóò padà lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ìpìlẹ̀. Ẹni tí ó bá sì yege kò tíì bọ́, nítorí pé ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni yóò máa padà gba ẹ̀kọ́ wákàtí 40.

OHUN TÍ WỌN ŃBÉÈRÈ

Àwọn olùkọ́ tí ńka ìwé ìròyìn wa yóò fẹ́ mọ irú ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Apá kan rẹ̀ ni kí a mọ orúkọ ọ̀ràn àti ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀ràn. Nínú èdè tiwa, a mọ̀ pé gbéwiri yàtọ̀ sí kólékólé, kólékólé sì yàtọ̀ sí adigunjalè. Èkíní jí nǹkan ní jẹ́jẹ́. Èkejì wọ ilé onílé láti lọ ṣe ibi, ìbáà jẹ́ pé kò rí ohunkóhun mú jáde. Ẹ̀kẹta lo agbára tàbí ìdẹ́rùbà. Òfin Florida náà pín wọn níyà, ìjìyà wọn kò sì dọ́gba. Ọlọ́pàá tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, agbẹjọ́rò yóò sì fi ìwé náà ṣe yẹ̀yẹ́ ní kóòtù.

Apá kejì ni ààlà agbára ọlọ́pàá. Ní ọdún 1966, Ilé-ẹjọ́ Gígajùlọ ti Amẹ́ríkà pàṣẹ nínú ẹjọ́ Miranda pé kí ọlọ́pàá tó fi ọ̀rọ̀ wá ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé lẹ́nu wò, ó gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó lè dákẹ́, àti pé ó lè ní agbẹjọ́rò. Ní ọdún 1968, nínú ẹjọ́ Terry, wọ́n ní ọlọ́pàá lè dá ènìyàn dúró bí ó bá ní ìfura tí ó nídìí, tí ó sì lè fi ẹnu sọ ìdí náà. Ojú tí kò dára lásán kì í ṣe ìdí, aṣọ tí ó gbó kì í sì í ṣe ẹ̀rí.

Èyí tí ó kan ẹ̀mí jùlọ ni ẹjọ́ Garner. Ní ọdún 1974, ní ìlú Memphis, ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 15 kan sá jáde láti ilé kan tí ó lọ jalè. Ọlọ́pàá rí i, kò rí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó yìnbọn fún un bí ó ti fẹ́ fo ọgbà. Ọmọ náà kú. Dọ́là mẹ́wàá àti àpamọ́wọ́ kan ni a bá lára rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ náà nígbà náà gbà kí ọlọ́pàá ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1985 ni Ilé-ẹjọ́ Gígajùlọ sọ pé kò tọ́: a kò gbọdọ̀ yìnbọn pa ẹni tí ńsá lọ, àfi bí ó bá jẹ́ ewu ńlá fún ẹ̀mí ọlọ́pàá tàbí ti àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tí ńka ìwé fún ìdánwò ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ mọ ẹjọ́ yìí bí ó ti mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Kì í ṣe nítorí máàkì nìkan, bí kò ṣe nítorí ọmọ ẹlòmíràn tí yóò sáré níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

BÍ A TI ŃMÚRA SÍLẸ̀

Irú ìdánwò yìí kò gba àkọ́sórí bí ewì. Ẹni tí ó bá dúró di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn kí ó tó ṣí ìwé, orí rẹ̀ ni ó ńtàn. Kí ó pín iṣẹ́ náà sí ọjọ́ púpọ̀, kí ó máa ka díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa pa ìwé dé láti bi ara rẹ̀ léèrè. Kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa pa ìtàn ọ̀ràn fún ara wọn: ‘Lágbájá ṣe báyìí, tẹ̀mẹ̀dù ṣe báyìí, kí ni òfin wí?’ Kí ó máa kọ àkọsílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ó má sì kọ ohun tí ọkàn rẹ̀ rò.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó ka ìbéèrè dé òpin. Nígbà púpọ̀, ìdáhùn méjì ni yóò dà bí ẹni pé ó tọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a ńbéèrè ni èyí tí ó ṣáájú. Bí ọkọ̀ méjì bá kọ lu ara wọn, gbígba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn awakọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ńdà lára rẹ̀ ni ó ṣáájú. Ní ti àwọn tí ńwá ẹni tí yóò ta ìbéèrè fún wọn, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀: ẹni tí ó fi owó ra ìdánwò kí ó lè di ọlọ́pàá, lọ́wọ́ ará ìlú ni yóò ti gba owó náà padà.

ỌWỌ́ MẸ́TA TÍ KÒ PAPỌ̀

Ohun tí ó wù wá jùlọ nínú ètò Florida ni pé ẹni tí ńgba ọlọ́pàá síṣẹ́ kọ́ ni ó ńdán an wò. Ìlú tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ńgbà á síṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ńkọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó ńdán an wò, tí ó sì ńfún un ní ìwé-ẹ̀rí. Ọwọ́ tí ó fún ni níwèé yìí náà lè gbà á padà bí ọlọ́pàá bá hùwà tí kò yẹ. Bí a bá gba ìwé rẹ̀, lílé tí ìlú kan lé e kò ní jẹ́ kí ó sá lọ sí ìlú kejì láti lọ gbé ìbọn mìíràn. California tí ó ti ní ìgbìmọ̀ láti 1959 kò ní irú agbára yìí títí ó fi ṣe òfin rẹ̀ ní 2021.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ‘Ǹjẹ́ kì í ṣe Amẹ́ríkà yìí kan náà ni ọlọ́pàá ti fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn títí ó fi kú ní 2020?’ Òótọ́ ni. Ìpínlẹ̀ Minnesota tí èyí ti ṣẹlẹ̀ ńṣe ìdánwò, ọlọ́pàá náà sì ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Àwa kò sọ pé ìdánwò ńsọ ènìyàn búburú di ẹni rere. Ohun tí ìdánwò ńṣe ni pé ó ńgba àwáwí lẹ́nu. Ẹni tí ó ti yege kò lè wí ní kóòtù pé òun kò mọ̀. Ní ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí kan ọ̀gá wọn, dúró ní kóòtù láti jẹ́rìí pé ohun tí ó ṣe kọ̀ sí ohun tí a kọ́ wọn, a sì dá a lẹ́bi.

ILÉ NI À ŃBỌ̀

Wàyí o, ilé là ńbọ̀ sinmi oko. Àwọn àgbà wa kò tíì gbàgbé ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ayé òṣèlú àkọ́kọ́, bí àwọn tí ó wà nípò ti ńlo wọn fún àwọn alátakò wọn, kí a tó dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966. Nítorí irú ìrántí bẹ́ẹ̀ ni òfin ìpìlẹ̀ tí a kọ ní 1999, ní abala 214, fi sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni kí ó wà ní ilẹ̀ yìí. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 tí a ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, a ti rí i pé ẹni tí ó mọ ilẹ̀ lè ṣọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n mímọ ilẹ̀ kì í ṣe mímọ òfin.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀gbẹ́ yòówù kí ẹ wà, nígbà tí ẹ bá ńpariwo ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ẹ pariwo ìdánwò mọ́ ọn. Ẹ béèrè fún ìgbìmọ̀ tí gómìnà kò ní lè tú ká lóru ọjọ́ kan. Ẹ béèrè pé kí ẹni tí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta padà sílé-ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe ọmọ alága. Ẹ rántí pé ìjọba a máa yí bí òbíríkítí: ọlọ́pàá aláìmọ̀kan tí ẹgbẹ́ yín bá gbà lónìí, ẹgbẹ́ mìíràn ni yóò máa pàṣẹ fún un lọ́la, ẹ̀yìn yín ni yóò sì fi kùmọ̀ rẹ̀ kọ́ iṣẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ tiyín ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà níwájú yín ní kíláàsì lónìí ni yóò wọ aṣọ náà. Ẹ kọ́ wọn láti ka ìbéèrè dé òpin, láti kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀, àti láti mọ̀ pé ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ìlú tí ó bá dán ọlọ́pàá rẹ̀ wò nínú yàrá ìdánwò kò ní dúró kí ó di ojú pópó, níbi tí àṣìṣe kan ṣoṣo ti lè gba ẹ̀mí ọmọ ẹni.