Ìdáhùn Àṣìṣe Tí Ó Gba Ìtẹ́wọ́gbà: Ohun Tí Ó Ń Fà Á àti Ọ̀nà Àtúnṣe Rẹ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òwe yìí gbà pé ẹni tí wọ́n bi léèrè mọ ọ̀nà. Lórí àwọn ìkànnì ìbéèrè àti ìdáhùn, ọ̀rọ̀ kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà lè dáhùn, kí abèèrè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí àmì ìtẹ́wọ́gbà sì wà lára ìdáhùn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dé lẹ́yìn a sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí àmì náà túmọ̀ sí, ìdí tí àṣìṣe tí ó gbà á fi ń pẹ́ nílẹ̀, àti ọ̀nà tí ó yẹ láti tún un ṣe.

Ìtumọ̀ àmì náà

Stack Overflow, tí Jeff Atwood àti Joel Spolsky dá sílẹ̀ ní 2008 fún àwọn tí ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba. Níbẹ̀, ẹni tí ó béèrè nìkan ni ó lè fi àmì ìtẹ́wọ́gbà aláwọ̀ ewé sára ìdáhùn. Bí ó bá fi í sí i, olùdáhùn gba máàkì 15, abèèrè fúnra rẹ̀ sì gba 2. Àwọn òǹkàwé yòókù ní ìbò tiwọn: ìbò ìfọwọ́sí ń fún olùdáhùn ní máàkì 10, ìbò ìtakò ń yọ 2 lára tirẹ̀, ó sì ń yọ 1 lára ẹni tí ó dì í.

Nítorí náà, ẹ̀rí kan péré ni àmì náà ń jẹ́: pé ìdáhùn yìí ni ó tẹ́ abèèrè lọ́rùn. Kò sọ pé onímọ̀ kankan ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí àìmọ̀ mú béèrè ni wọ́n tún sọ di adájọ́.

Ohun tí ó ń mú àṣìṣe pẹ́

Àkọ́kọ́, abèèrè kì í sábà padà wá. Òun nìkan ni ó lè gbé àmì náà kúrò, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rí ohun tí ó ń wá, ó ti lọ nìyẹn. Èkejì, olùdáhùn kò lè pa ìdáhùn rẹ̀ tí ó ti gba ìtẹ́wọ́gbà rẹ́, bí ó tilẹ̀ wá mọ̀ pé òun ṣe àṣìṣe. Àtúnṣe nìkan ni ó lè ṣe sí i. Ẹ̀kẹta, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkè pátápátá ni ìdáhùn bẹ́ẹ̀ máa ń wà, kódà bí ìbò ìdáhùn mìíràn bá ju tirẹ̀ lọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ní 2021 ni Stack Overflow yí ètò yìí padà. Ẹ̀kẹrin, ìdáhùn tí ó tọ̀nà lánàá lè di àṣìṣe lónìí bí irinṣẹ́ tí ó ń sọ nípa rẹ̀ bá yí padà.

Àpẹẹrẹ láti inú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà

Ìbò púpọ̀ pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí. Ní 2010, Andreas Lundblad fi kóòdù kúkúrú kan ní èdè Java dáhùn ìbéèrè lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè sọ ìwọ̀n fáìlì lọ́nà tí yóò tètè yé ènìyàn, bíi kí ó pe báìtì 1,500 ní 1.5 kB. Àwọn òǹkàwé dìbò fún un lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìwádìí tí Sebastian Baltes àti Stephan Diehl gbé jáde ní 2018 fi hàn pé nínú àwọn kóòdù Java orí ìkànnì náà, òun ni àwọn ènìyàn ṣe àdàkọ rẹ̀ jù lọ sínú iṣẹ́ tí ó wà lórí GitHub.

Àléébù wà nínú rẹ̀. Kóòdù náà ń kọ́kọ́ yan òṣùwọ̀n, kí ó tó sún òǹkà sí èyí tí ó súnmọ́ ọn jù. Báìtì 999,999 kò pé mílíọ̀nù kan, nítorí náà kB ni ó yàn fún un. Nígbà tí ó wá sún 999.999 sókè, ó kọ 1000.0 kB dípò 1.0 MB. Ìdáhùn náà tọ̀nà fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òǹkà. Ẹnu ààlà ni ó ti kọsẹ̀. Ní 2019, Lundblad fúnra rẹ̀ kéde àléébù yìí, ó sì tún ìdáhùn náà ṣe. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kì í tọ àdàkọ lẹ́yìn: èyí tí ó ti wọ inú iṣẹ́ ẹlòmíràn wà níbẹ̀ bí ó ṣe wà.

Àpẹẹrẹ láti inú èdè Yorùbá

Irú ìkọsẹ̀ yìí lè wáyé nínú ìbéèrè lórí èdè. Bí ẹni tí ń kọ́ Yorùbá bá béèrè ohun tí 35 ń jẹ́, ẹnì kan lè dáhùn pé *márùnlélọ́gbọ̀n ni. Abèèrè yóò tètè gbà á, nítorí ó bá *ọ̀kànlélọ́gbọ̀n* (31) títí dé *mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n* (34) mu. Ṣùgbọ́n láti orí 35, àyọkúrò ni òǹkà Yorùbá ń lò: *márùndínlógójì*, ìyẹn 5 dín ní 40. Ẹni tí ó bá dán ìlànà ìdáhùn náà wò lórí 25 tàbí 45, tí ó sì yẹ orí ọ̀rọ̀ òǹkà wò nínú ìwé atúmọ̀ tí R. C. Abraham ṣe ní 1958, yóò rí àṣìṣe náà kíá.

Ọ̀nà àtúnṣe

1. Dídán an wò. Kí ẹni tí ó fura wá ibi tí ìdáhùn náà ti kùnà, pàápàá ní ẹnu ààlà. Ìfura láìsí àpẹẹrẹ kò tó.

2. Kíkọ àkíyèsí sábẹ́ rẹ̀. Kí àkíyèsí náà dárúkọ ibi tí ó ti kùnà gan-an. Ìdáhùn ni kí ó bá wí, kí ó má bú olùdáhùn, nítorí olùdáhùn ni ó lè tètè tún un ṣe.

3. Kíkọ ìdáhùn tí ó tọ̀nà. Èyí ṣe pàtàkì jù. Kí ó ní ẹ̀rí, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi yàtọ̀ sí èyí tí ó ti gba àmì.

4. Dídìbò. Ìbò ìtakò ń kìlọ̀ fún òǹkàwé tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ohun méjì ni kò yẹ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yí ìdáhùn ẹlòmíràn sí òdìkejì lábẹ́ orúkọ onítọ̀hún; àtúnṣe sípẹ́lì tàbí àlàyé tí kò yéni kò burú. Kò sì yẹ kí wọ́n fi ẹjọ́ àṣìṣe ìmọ̀ sun àwọn alábòójútó, torí èébú àti ìpolówó tí kò tọ́ ni iṣẹ́ wọn wà fún.

Àgbálọgbábọ̀

Àmì ìtẹ́wọ́gbà jẹ́ ọpẹ́ abèèrè, ìbò sì jẹ́ èrò àwọn tí ó kọjá. Ẹ̀rí ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ bá délé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n lórí àwọn ìkànnì yìí, ẹnì kan ní láti kọ òtítọ́ náà sílẹ̀ kí ó tó lè lé irọ́ bá.