Bí A Ti Í Sọ Èrò Ẹni Lórí Ìwé Ìtàn

Bí ènìyàn bá ka ìwé ìtàn tán, tí ó pa á dé, tí ó sì gbé e sórí àjà, ìdajì èrè rẹ̀ ni ó jẹ. Ìdajì kejì wà lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ti ka ìwé kan náà. Nítorí náà ni a ṣe ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Owódé Ẹ̀gbá àti agbègbè rẹ̀.

Àṣà yìí kì í ṣe àjèjì. Láti ọdún 1929 títí wọ 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ ìtàn kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nínú èyí tí obìnrin kan, Ṣẹ̀gilọlá, ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn bí òun ti lo ìgbà èwe òun nílòkulò, títí àìsàn àti òṣì fi dé. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà ránṣẹ́ láti sọ èrò wọn, àwọn mìíràn sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni olóòtú ìwé ìròyìn náà, Ọ̀gbẹ́ni Isaac B. Thomas, ni ó hun ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé lè má jẹ́ òǹkọ̀wé. Kí a tó dá òǹkọ̀wé lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Èkejì, “ó dára” tàbí “kò dára” nìkan kò tó. Bí ẹnìkan bá ní Àkàrà-ògùn fọ́nnu jù nínú ìwé tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, kí ó ṣí ojú ìwé náà, kí ó kà á sétí ìgbìmọ̀.

Ẹ̀kẹta, a kì í tú òpin ìtàn fún ẹni tí kò ì kà á. Ẹni tí ó bá sọ ibi tí Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ti ọdún 1969, parí sí, ó gba òkèlè lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin, kí àgbà fi àyè gba ọmọdé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò bá dárúkọ, kò ní pẹ́ tí òǹtàwé yóò fi dẹ́kun kíkó o wá sọ́jà. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá ìwé Yorùbá lórí àtẹ, ẹ jẹ́ kí a máa kà á, kí a sì máa sọ ọ́.