Ṣé Ààbọ̀ Abẹ́rẹ́ Ni Wọ́n Fún Wa?

Láti Ojú-Ọrẹ ní Ọ̀tà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ má bínú sí ariwo ọkọ̀.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà níbí ló fa ọ̀rọ̀ òní. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti pé ọdún 10, wọ́n sì ní kó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Ìyá ò tíì gbà.

"Ìwọ ọmọ rédíò yìí, gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ tòun gbà á. Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni tiwa? Ṣé torí pé tálákà ni wá ni wọ́n ṣe ń fún wa ní ààbọ̀?"

N kò ní èsì lójú ẹsẹ̀. Mo lọ wádìí, ohun tí mo rí rèé.

Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fa jẹjẹrẹ yìí, ìbálòpọ̀ ló sì fi ń ràn. Oríṣi méjì nínú rẹ̀, 16 àti 18, ló wà nídìí nǹkan bíi 7 nínú 10. Nígbà tí abẹ́rẹ́ náà kọ́kọ́ jáde ní 2006, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn oníṣègùn wá bi ara wọn pé: ṣé ẹyọ kan kò lè tó ni?

Kẹ́ńyà ni wọ́n ti dán an wò. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin 2,275, láti ọmọ ọdún 15 sí 20, gbà láti kópa. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta bí ẹni ṣẹ́ kèké. Apá méjì gba abẹ́rẹ́ HPV ẹyọ kan. Apá kẹta gba abẹ́rẹ́ àrùn yírunyírun. Àwọn ọmọ náà ò mọ èyí tí wọ́n gbà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbè sápá kan. Lẹ́yìn oṣù 18, wọ́n ka àwọn tí oríṣi 16 tàbí 18 ti wọ̀ lára tí kò sì lọ. Ní apá kẹta, ènìyàn 36. Ní apá méjì yòókù, ẹnì kọ̀ọ̀kan péré. Wọ́n padà fún àwọn apá kẹta náà ní abẹ́rẹ́ HPV.

Èsì yìí jáde ní 2022. Kí ọdún náà tó parí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹyọ kan lè tó fún ọmọ ọdún 9 sí 20. Ní October 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́. Ògùn wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wá gbọ́ o: ní September ọdún yẹn kan náà, England ti sọ ti àwọn ọmọ tiwọn di ẹyọ kan!

Ohun tí ìwádìí ṣe nìyẹn. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kí ọmọ kan gbà ló ń tó ọmọ méjì báyìí, ìyá ò sì ní ti ìsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ n kò ní bò ó mọ́ra: oṣù 18 kò tó láti rí jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gbà kó tó jáde. Kòkòrò tó ń fà á ni wọ́n wò. Ọmọ tó ní HIV máa nílò ju ẹyọ kan lọ. Abẹ́rẹ́ ọmọ kò sì bo ìyá. Kí àgbà obìnrin lọ ṣe àyẹ̀wò.

Mo padà sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá ẹlẹ́wà. Ó dákẹ́, ó bu ẹ̀wà fún oníbàárà kan, ó wá ní, "Àwọn ọmọ Kẹ́ńyà yẹn, Ọlọ́run á ṣe é fún wọn. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń gún un?"