Okùn Ọ̀rẹ́ àti Ìṣirò Rẹ̀

Ní ọdún 1932, láàárín ọ̀sẹ̀ 2 péré, ọmọbìnrin 14 sá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ìjọba ti ń tún ìwà àwọn ọmọbìnrin ṣe ní Hudson, ní ìpínlẹ̀ New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ti àkókò yìí fi ìlọ́po 30 ju bí ó ti máa ń rí lọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ènìyàn lọ́kàn nígbà tí ọmọ bá sá nílé ni láti wádìí ìwà ọmọ náà: ṣé olórí kunkun ni, àbí wọ́n nà án? Jacob Moreno, tí í ṣe oníṣègùn àrùn ọpọlọ, kò gba ibẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, ta ni ó sún mọ́ ta?

Òun àti Helen Jennings bi àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ náà léèrè ẹni tí olúkúlùkù yóò fẹ́ láti bá gbé. Wọ́n fi àmì róbótó kan dúró fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fa ìlà láti ara ẹni tí ó yan ẹlòmíràn dé ara ẹni tí ó yàn. Nígbà tí wọ́n wo ipò àwọn tí ó sá lọ lórí irú àwòrán yìí, ó hàn pé okùn kan so wọ́n pọ̀. Èrò àtisálọ ti gba orí àwọn ìlà wọ̀nyẹn kọjá láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, bóyá láìjẹ́ pé àwọn ọmọ náà fúnra wọn mọ̀. Moreno gbé àlàyé rẹ̀ jáde nínú ìwé kan ní ọdún 1934.

Láti ara irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí a lè pè ní ìtúpalẹ̀ àwọ̀n ìbáṣepọ̀ ti gbèrú. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń fa àwọn ìlà náà. Àwọn ojú òpó ìkànsíraẹni bíi Facebook, X àti Instagram ni ó sì ń pèsè ohun tí a fi ń fà wọ́n. Ẹni tí ó gba ẹlòmíràn ní ọ̀rẹ́, ẹni tí ó ń tẹ̀lé ẹlòmíràn, ẹni tí ó tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbé jáde: ìlà ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ ni pé kì í kọ́kọ́ béèrè ohun tí ènìyàn wí tàbí irú ẹni tí ó jẹ́. Ẹni tí ó so mọ́ ni ó ń béèrè. Irú ìwádìí yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nígbà tí ìdílé kan bá rí ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ fẹ́ fún ọmọ wọn, wọn kì í lọ bi ọmọ náà léèrè ìwà rẹ̀. Ilé tí ó ti jáde wá ni wọ́n ń wádìí, àti àwọn tí ìyá rẹ̀ ń bá rìn, àti àwọn ilé tí wọ́n ti bá ṣe àna rí.

Àpẹẹrẹ kékeré kan yóò fi hàn bí ìṣirò náà ṣe ń lọ. Ká ní ọmọ márùn-ún wà ní kíláàsì kan: Adé, Bísí, Délé, Fẹ́mi àti Ṣadé. Àwọn mẹ́rin yòókù ni ọ̀rẹ́ Adé, kò sì sí èyí tí ó ní ọ̀rẹ́ mìíràn nínú wọn lẹ́yìn Adé. Bí a bá ro iye ọ̀rẹ́ gbogbo wọn pọ̀, 8 ni. Bí a bá pín in dọ́gba, 1.6 ni yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí a bá bi Bísí léèrè pé ọ̀rẹ́ mélòó ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, 4 ni yóò wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Délé, Fẹ́mi àti Ṣadé yóò wí. Mẹ́rin nínú ọmọ márùn-ún ni yóò gbà pé ọ̀rẹ́ àwọn gbajúmọ̀ ju àwọn lọ, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Scott Feld ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1991: ẹni tí ó ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ ni ó ń wà lára ọ̀rẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà àkàtúnkà ni wọ́n ń kà á.

Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí gbé Facebook lápapọ̀ lé orí òṣùwọ̀n yìí. Àwọn tí ń lò ó nígbà náà jẹ́ mílíọ̀nù 721, okùn ọ̀rẹ́ tí ó wà láàárín wọn sì tó bílíọ̀nù 69. Bí a bá pín ọ̀rẹ́ wọn dọ́gba, 190 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ìdajì àwọn ènìyàn náà ni kò ní ju 99 lọ. Nínú ènìyàn 100, 93 ni iye ọ̀rẹ́ wọn kò tó èyí tí ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ọ̀dọ́ tí ó ń wo fóònù rẹ̀ lóru, tí ó ń rò pé gbogbo ayé ni ó ní alábàárìn ju òun lọ, kò mọ̀ pé ìṣirò lásán ni ó ń bá òun jà.

Kì í ṣe gbogbo ìlà ni iṣẹ́ wọn dọ́gba. Mark Granovetter bi àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ ní ìlú Newton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, bí wọ́n ti ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, ó sì kọ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1973. Nínú àwọn tí wọ́n gbọ́ láti ẹnu ojúlùmọ̀, ìdá 16.7 nínú 100 péré ni ó ń rí ojúlùmọ̀ náà lemọ́lemọ́, ìdá 55.6 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 27.8 kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ohun tí ó fà á kò ṣòro. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ àti ẹni tí ó bá a ṣe ọ̀rẹ́, ìròyìn kan náà ni wọ́n ń gbọ́. Ẹni tí ó ti òde mìíràn wá ni ó ń mú ìròyìn titun dé. Ìdí nìyẹn tí alárinà fi wúlò nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó: ó mọ ilé ọkọ, ó mọ ilé ìyàwó, ilé méjèèjì kò sì mọ ara wọn. Lórí àwòrán, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má ní ju ìlà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ kúrò, ọ̀wọ́ méjì yóò já kúrò lára ara wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ ìdí ohun tí wọ́n rí. Àwọn àgbà ní àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá wá fi hàn pé okùn so àgùntàn mọ́ ajá, tí àwọn méjèèjì sì ń jẹ ìgbẹ́, ṣé òwe náà ti ṣẹ nìyẹn? Ó lè jẹ́ pé ajá ni ó kọ́ àgùntàn. Ó sì lè jẹ́ pé àgùntàn yìí ti ń jẹ ìgbẹ́ tipẹ́, pé ohun tí ó mú un wá ajá lọ gan-an nìyẹn. Ó tún lè jẹ́ pé ìdí ààtàn kan náà ni wọ́n so àwọn méjèèjì mọ́, tí kò sí oúnjẹ mìíràn níbẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo kò lè ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, àfi kí olùwádìí mọ èyí tí ó ṣáájú nínú ìgbà tí okùn so àti ìgbà tí ìwà yí padà. Àwọn ọmọbìnrin Hudson náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè yìí.

Lẹ́yìn ìlà ni ọ̀rọ̀ tí ń gba orí rẹ̀ kọjá, níbí ni Yorùbá sì ti ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń kọ Yorùbá lórí fóònù. Ẹni tí ó kọ “oko” lè ní oko tí à ń ro lọ́kàn; ó lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ tí ń ná Ìbàdàn sí Èkó. Ẹni tí ó mọ èdè yóò mọ èyí tí ó jẹ́. Ẹ̀rọ tí ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ jẹ yọ kò mọ̀. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí kan gbé àkójọ tí wọ́n pè ní NaijaSenti jáde. Nǹkan bí 30,000 ọ̀rọ̀ ṣókí láti orí Twitter ni ó wà níbẹ̀ fún Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá lọ́kọ̀ọ̀kan, àti 14,000 fún Píjìn. Ènìyàn ni ó jókòó kà wọ́n tí ó sì sọ èyí tí ó jẹ́ ìyìn, èyí tí ó jẹ́ èébú àti èyí tí kò jẹ́ ọ̀kankan. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, kò sì sí ọ̀nà àbùjá.

Ìdákẹ́jẹ́ náà gba ìwádìí. Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba Nàìjíríà fòfin de Twitter, tí ó wá di X ní ọdún 2023. Àwọn kan ń lo VPN, tí í máa ń fi ibi tí ènìyàn wà pamọ́, láti dé ibẹ̀. Ẹni tí ó jókòó ní Ìbàdàn á sì dà bí ẹni tí ó wà ní ìlú òyìnbó. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ oṣù méje yẹn láìmọ ìtàn yìí yóò sọ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà dákẹ́. Ti ìyá tí ń ta ata ní Bódìjà, tí kò sí lójú òpó kankan, tilẹ̀ yàtọ̀: kò sí nínú ìṣirò náà rárá, bẹ́ẹ̀ ó ní èrò tirẹ̀ nípa ìjọba.

Èyí tí ó burú jù ni pé ẹnì kan lè fi ẹlòmíràn sínú ìṣirò láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Aleksandr Kogan, olùkọ́ ní Yunifásítì Cambridge, gbé áàpù kan tí ń bi ènìyàn ní ìbéèrè nípa ìwà rẹ̀ sórí Facebook. Nǹkan bí 270,000 ènìyàn ni ó gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n ìlànà Facebook nígbà náà gba áàpù láyè láti wo ti àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tí ó gbà á wọlé pẹ̀lú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Facebook kéde pé ó lè tó mílíọ̀nù 87 ènìyàn tí ọ̀rọ̀ wọn bọ́ sọ́wọ́ Cambridge Analytica, ilé-iṣẹ́ tí ń bá àwọn olóṣèlú ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ṣílẹ̀kùn, ẹrù ènìyàn tí ó lé ní 300 bá a lọ.

Nàìjíríà náà rí tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn áàpù ayánilówó. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó díẹ̀ á gbà kí áàpù wo gbogbo nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù rẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí kò san án, àtẹ̀jíṣẹ́ á lọ bá ọ̀gá rẹ̀, àna rẹ̀ àti àfáà tàbí pásítọ̀ rẹ̀ pé olè ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Google sì ti kà á léèwọ̀ fún áàpù ayánilówó láti wo nọ́ńbà inú fóònù. Òṣómàáló àtijọ́, Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn, ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ni ó ń lóṣòó sí. Kò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí kò ra aṣọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti yọ orúkọ kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ lè rò pé ó ti bùṣe. Kò ì bùṣe. Ní ọdún 2009, Arvind Narayanan àti Vitaly Shmatikov mú àwòrán Twitter tí kò sí orúkọ lára rẹ̀, wọ́n gbé e ti ti Flickr. Bí àwọn ìlà náà ṣe rí nìkan ni wọ́n wò, wọ́n sì dá ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí ó wà lójú òpó méjèèjì mọ̀. Àṣìṣe tí ó wọ̀ ọ́ kò ju 12 nínú 100 lọ.

Olùkọ́ lè ṣe iṣẹ́ yìí láìsí kọ̀ǹpútà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ọmọ méjì tí ó fẹ́ bá jókòó, kí ó ká ìwé náà, kí olùkọ́ sì fa ìlà wọn fúnra rẹ̀ nílé. Yóò rí ẹni tí gbogbo wọn yàn, yóò rí alárinà tí ó so ọ̀wọ́ méjì pọ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí ó rí ọmọ kan tí ìlà ẹnikẹ́ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe àwòrán tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri nìyẹn. Adé àti Bísí inú àpẹẹrẹ ni kí ó yà sójú pátákó. Kí ti gidi wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, kí ó sì wá ọgbọ́n dá láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti fi ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò yàn yẹn jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn méjì tí òun náà kọ orúkọ wọn.