Ohun Tí Ìwọ̀n Odò Ń Sọ fún Àgbẹ̀

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń rì sínú odò, tó ń wọn gíga omi ní ìṣẹ́jú 15 síra wọn: ìgbà 96 lójúmọ́. Báwo la ṣe ń ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Èkíní, ẹ má gbọ́kàn lé ìpíndọ́gba nìkan. Ká ní Odò Ọ̀sẹ̀ ga ní mítà 1 fún wákàtí 22, tó wá di mítà 4 fún wákàtí 2. Ìpíndọ́gba ọjọ́ náà kò ju mítà 1.25 lọ, bẹ́ẹ̀ omi ti gbé ẹ̀fọ́ etídò lọ.

Èkejì, iye kan ṣoṣo tó fò sókè tó sì padà lè jẹ́ pàǹtí tó há mọ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta mẹ́rin bá ń gòkè tẹ̀ léra, omi ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ tètè gbé ẹ̀rọ ìfami kúrò létí odò.

Ẹ̀kẹta, ìwọ̀n 96 ọjọ́ kan dà bí ẹlẹ́rìí tó ti inú ilé kan náà wá. Àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ló ń fi ìṣe odò hàn.

Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹ̀rọ lè ri òpó tí a fàlà sí mọ́ etídò. Ẹ máa kọ gíga omi sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀ gan-an, ẹ máa wò ó ní wákàtí wákàtí láti orí ilẹ̀ gíga. Oko yín kò ní bómi lọ o.